Arthur Wharton (1865–1930), aṣọ́lé ọmọ Accra

Arthur Wharton ni orúkọ ọkùnrin yìí. Ìlú Accra, ní ilẹ̀ Gáná òde òní, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 1865. Òun ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ìtàn bọ́ọ̀lù kà sí aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ lágbàáyé tó fi bọ́ọ̀lù gbígbá ṣe iṣẹ́ tó ń mówó wá. Aṣọ́lé ni, ìyẹn ẹni tí àwa níbí ń pè ní gardien. Ó tún jẹ́ sárésáré tí kò sí ẹni tó lè lé e bá ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tiẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tó kú ní 1930, sàréè àwọn tálákà ni wọ́n sin ín sí. Kò sí òkúta lórí rẹ̀, kò sí orúkọ. Ọdún 66 ni sàréè náà fi wà bẹ́ẹ̀.

Ní Igbó Ìdáásà, abẹ́ òkè wo ni àwọn ọmọdé kì í ti gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́? Béèrè lọ́wọ́ wọn, wọn á ka orúkọ Drogba, Mané, Osimhen, àti Steve Mounié ọmọ Parakou fún ọ. Wharton ni wọn ò ní dá. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti gbàgbé rẹ̀ kí wọ́n tó tún rántí.

Ilé tó ti jáde

Bàbá rẹ̀, Henry Wharton, àlùfáà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni. Ọmọ erékùṣù Grenada ní òdìkejì òkun ni bàbá yìí, ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Scotland sì wà lára rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Annie Florence Egyriba, wá láti ìdílé ọba Fanti. Ìjọ yìí kan náà ni ti Thomas Birch Freeman, ẹni tó gòkè wá sí Abomey láti rí ọba Ghézo ní 1843. Àwọn èèyàn yẹn mọ etíkun wa dáadáa, láti Accra títí dé Ouidah àti Badagry.

Kí ẹ lè mọ ìgbà tí à ń sọ, ní ọdún tí wọ́n bí Arthur, Glèlè ló wà lórí ìtẹ́ ní Abomey, àwọn baba ńlá wa sì ń sá gun orí òkè Ìdáásà nígbàkígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ń bọ̀. Ìgbà ogun ni. Ilé àlùfáà ni wọ́n bí tirẹ̀ sí, ilé ìwé ni wọ́n sì ní kó máa lọ.

Ohun tí ìdílé rẹ̀ ń retí ni pé kó di oníwàásù tàbí olùkọ́. Ní 1882, nígbà tí kò tíì pé ogún ọdún, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Cannock ló ti kọ́kọ́ kàwé, lẹ́yìn náà ó lọ sí Cleveland College ní ìlú Darlington, ní apá àríwá. Irú ọmọ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Bàbá á rán ọmọ lọ sí Cotonou pé kó lọ kàwé, ìròyìn tó máa kọ́kọ́ padà délé ni pé pápá ni wọ́n ti rí i. Bí ti Arthur ṣe rí nìyẹn. Àwọn ìwé tó gbé lọ́wọ́ kò pa á lára, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kó jókòó.

Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá

Eré sísá ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di olókìkí. Ní ọjọ́ 3 oṣù keje 1886, ó lọ sí ìdíje ńlá ti àwọn sárésáré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní pápá Stamford Bridge, ní London. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo Chelsea ti gbọ́ orúkọ pápá yẹn. Ṣùgbọ́n Chelsea kò tíì sí nígbà náà, 1905 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀. Eré sísá ni wọ́n ń lo pápá náà fún. Ọgọ́rùn-ún yáàdì ni wọ́n sá, ìyẹn mítà 91 ó lé díẹ̀. Wharton parí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá 10 gééré. Kò sí àkọsílẹ̀ ẹnikẹ́ni lágbàáyé nínú eré yẹn, láàárín àwọn tí kì í sáré gbowó, tó yá ju ìyẹn lọ nígbà náà.

Ẹ fi ojú inú wò ó. Lóde òní, àwọn sárésáré máa ń fi ẹsẹ̀ ti irin kan lẹ́yìn kí wọ́n tó gbéra. Kò sí irin yẹn nígbà náà, ìdúró ni wọ́n ti ń gbéra. Ọmọ Accra tí kò tíì pé ọdún 21 dúró láàárín wọn, ìbọn dún, ó di ẹni tí gbogbo wọn ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, 1887, ó padà lọ, ó sì tún gba ipò kìíní.

Ní ọdún 1887 yìí kan náà, ó gun kẹ̀kẹ́ láti Preston dé Blackburn ní wákàtí méjì, wọ́n sì kọ ìyẹn náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó yá jù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún owó, eré kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn tí wọ́n ń fi pátákó gbá bọ́ọ̀lù kékeré. Ẹ jẹ́ ká padà sí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀.

Aṣọ́lé ìgbà àtijọ́

Kí ẹ tó mọ ohun tí Wharton ṣe, ẹ ní láti mọ irú iṣẹ́ tí aṣọ́lé ń ṣe nígbà yẹn, torí kò jọ tòní rárá.

Lákọ̀ọ́kọ́, aṣọ́lé lè fi ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù ní gbogbo ìdajì pápá tirẹ̀. Ọdún 1912 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kó máa fọwọ́ mú un nínú àpótí iwájú ilé nìkan. Èkejì, kò sí àwọ̀n lẹ́yìn ilé, kò sì sí pẹ́nátì. 1891 ni àwọn méjèèjì dé. Èkẹta ló burú jù. Àwọn tó ń kọlu ilé lè fi èjìká gbá aṣọ́lé lulẹ̀, kódà bí bọ́ọ̀lù kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan á gbá a dànù, ẹnì kejì á gbá bọ́ọ̀lù wọlé, adájọ́ á sì ní góòlù ni. Ṣé ẹ wá rí i? Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, wọ́n á máa kó o nílẹ̀ ni.

Ara Wharton yá. Wọ́n ní ó máa ń ba mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó bí ẹni pé kò sí nínú eré, kí àwọn tó ń bọ̀ má baà rí ẹni tí wọ́n máa gbá lulẹ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wá dé tán, á fò jáde. Ẹ̀ṣẹ́ ló sábà máa ń fi gbá bọ́ọ̀lù dànù, ẹ̀ṣẹ́ náà sì le débi pé bọ́ọ̀lù á lọ jìnnà gan-an. Nígbà míì, á di igi ìdábùú òkè mú, á fà á wálẹ̀, kí bọ́ọ̀lù lè gba òkè kọjá. Ẹ̀rín ni àwọn òǹwòran á máa rín.

Ọ̀kan wà tí mo fẹ́ràn jù. Ní 1942, ọdún méjìlá lẹ́yìn tí Wharton ti kú, ọkùnrin kan kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn kan ní Sheffield láti sọ ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí nígbà tó wà ní kékeré. Ó ní Wharton fò, ó so rọ̀ mọ́ igi ìdábùú, ó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì há bọ́ọ̀lù mọ́ àárín. Àwọn mẹ́ta tó ń sáré bọ̀ láti gbá a wọlé kò rí ibi dúró sí mọ́, inú àwọ̀n ni wọ́n ṣubú sí. Ọkùnrin náà ní láti ọjọ́ yẹn òun kò rí irú rẹ̀ mọ́. Bóyá iyọ̀ díẹ̀ ti wọ inú ìtàn náà, kò sí ìtàn bọ́ọ̀lù tí kò ní iyọ̀. Àmọ́ ẹni tí èèyàn ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí àádọ́ta ọdún kì í ṣe ẹni lásán.

Preston, àti ohun tó kọjá lọ

Darlington ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́lé. Ibẹ̀ ni àwọn ará Preston North End ti rí i, wọ́n sì mú un ní 1886. Preston wà lára àwọn ẹgbẹ́ tó lágbára jù lọ nígbà náà. Pẹ̀lú Wharton nínú ilé, wọ́n gbá ife FA dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá ní 1887, ibẹ̀ ni West Bromwich Albion ti na wọ́n 3 sí 1.

Ní 1888, Wharton fi Preston sílẹ̀. Eré sísá ló fẹ́ gbájú mọ́, ó sì lọ sí Sheffield níbi tí wọ́n ti ń sáré fún owó. Ní ọdún yẹn gan-an ni líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀. Preston gbá bọ́ọ̀lù 22 nínú líìgì àkọ́kọ́ yẹn láìpàdánù ẹyọ kan, wọ́n sì gba ife FA mọ́ ọn láìjẹ́ kí góòlù kankan wọlé wọn. Títí dòní ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ yẹn ní ẹgbẹ́ tí kò ṣeé ṣẹ́gun. Wharton kò sí níbẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìwà òmùgọ̀ ni. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ta ló mọ̀ ní 1888 pé líìgì tuntun kan máa di ohun tí gbogbo ayé á máa jókòó wò lọ́jọ́ Sátidé? Ní ojú ọ̀dọ́kùnrin tó lè sáré ju gbogbo wọn lọ, owó inú eré sísá ló súnmọ́ ọwọ́ jù. Ó kàn jẹ́ pé ohun kan so mọ́ ọn, ẹni tó bá ti sáré gbowó lẹ́ẹ̀kan kò lè bá àwọn tó ń sáré fún ọlá nìkan du ife mọ́. Ilẹ̀kùn Stamford Bridge tì mọ́ ọn lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ náà wà níbẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn ní orúkọ ẹ̀gàn tí wọ́n fi ń pè é nítorí àwọ̀ ara rẹ̀, wọ́n sì ń kọ ọ́ láìtijú bí ẹni ń kọ orúkọ àbísọ. Nígbà tó wà ní Preston, òǹkọ̀wé kan béèrè bóyá orí rẹ̀ ló le jù tí kò fi mọ̀ pé àárín òpó méjì kì í ṣe ibi ìṣeré. Àwọn eré yẹn kan náà, tí aláwọ̀ funfun bá ṣe é, wọ́n á ní ọgbọ́n ni. Wharton kò dá wọn lóhùn nínú ìwé. Ó ń ṣọ́lé tirẹ̀ lọ.

Bọ́ọ̀lù di iṣẹ́

Títí di 1885, ẹgbẹ́ FA kò gbà kí wọ́n máa san owó fún agbábọ́ọ̀lù. Nígbà tí wọ́n wá gbà á, àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ inú ilé iṣẹ́ àti kòtò èédú ló kọ́kọ́ wọlé. Ní 1889, ọdún tí Glèlè kú ní Abomey, Wharton fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú Rotherham Town. Ibí yìí ni iṣẹ́ owó ti bẹ̀rẹ̀ tààrà. Ní 1890, ó fẹ́ Emma Lister níbẹ̀, ó sì gba ilé ọtí kan tó ń bójú tó, irú èyí tí à ń pè ní buvette. Bí ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù ṣe ń jẹun nígbà yẹn nìyẹn, torí owó bọ́ọ̀lù nìkan kò tó bọ́ ilé.

Àwọn míì máa ń jiyàn pé kì í ṣe òun ni àkọ́kọ́. Wọ́n ní Andrew Watson ńkọ́, ọmọ ilẹ̀ Guyana tó ṣe ọ̀gá ikọ̀ Scotland ní 1881, tí wọ́n sì na àwọn Gẹ̀ẹ́sì 6 sí 1 ní London? Òótọ́ ni, Watson ṣáájú Wharton nínú bọ́ọ̀lù. Àmọ́ ọmọ olówó ni Watson, wọn ò sì mọ̀ ọ́n sí ẹni tí bọ́ọ̀lù ń bọ́. Wharton ló fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba pé iṣẹ́ òun nìyí. Àwọn méjèèjì ní àyè tiwọn.

Ní 1894, ọdún tí Béhanzin fi ara rẹ̀ lé àwọn Faransé lọ́wọ́, Sheffield United mú Wharton. Ìpele kìíní ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n mú aṣọ́lé míì, William Foulke, ọ̀dọ́kùnrin gíga fìrìgbọ̀n tó wá wúwo ju kílò 130 lọ lẹ́yìn náà. Ta ló máa gbá a lulẹ̀? Foulke kò pé ọdún 21, Wharton ti ń súnmọ́ 30. Ẹ ti mọ ẹni tó jókòó lẹ́bàá pápá. Wharton rí ìwọ̀nba díẹ̀ gbá. Nínú wọn ni ti Sunderland ní oṣù kejì 1895, ọjọ́ yẹn ló di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù ní ìpele tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Láti ibẹ̀, ìrìn náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ó padà sí Rotherham, ó lọ sí Stalybridge Rovers, ó lọ sí Ashton North End, níbi tí owó ẹgbẹ́ ti tán pátápátá ní 1899. Stockport County ló gbẹ̀yìn, ní ìpele kejì. Níbẹ̀, wọ́n tiẹ̀ máa ń fi í sí ẹ̀gbẹ́ pápá lọ́wọ́ iwájú nígbà míì, torí ẹsẹ̀ yẹn kò tíì kú tán. Ní 1902, ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó ti pé ọdún 36.

Abẹ́ ilẹ̀

Kò sí owó ìfẹ̀yìntì fún agbábọ́ọ̀lù nígbà náà. Ilé ọtí tó ń bójú tó kò gbè é. Òun náà ń mu nínú ọtí ọ̀hún, ó sì ń mu ún jù. Níkẹyìn, ó lọ bá wọn ṣiṣẹ́ ní kòtò èédú Yorkshire Main, ní abúlé Edlington lẹ́gbẹ̀ẹ́ Doncaster. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé kó máa ti àwọn ọkọ̀ kékeré tí wọ́n kó èédú sí lórí irin, nínú òkùnkùn abẹ́ ilẹ̀. Ọkùnrin tó fi ìṣẹ́jú-àáyá 10 sá ọgọ́rùn-ún yáàdì wá ń ti èédú.

Ibẹ̀ ló wà títí tó fi dàgbà. Ní oṣù kejìlá 1930, ó kú ní ẹni ọdún 65. Wọ́n sin ín sí ibi ìsìnkú Edlington, ní apá tí wọ́n ń sin àwọn tí kò ní owó sí, láìfi àmì kankan lé e.

Oṣù méjì péré lẹ́yìn náà, ní oṣù kejì 1931, Raoul Diagne, ọmọ Blaise Diagne ti Senegal, wọ aṣọ ikọ̀ Faransé. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè yẹn, àwa tí a lọ sí ilé ìwé Faransé sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ti àwọn ọmọ Yorùbá, 1956 ni Tesilimi Balógun ọmọ Èkó, tí wọ́n ń pè ní Thunder, tó gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú Queens Park Rangers. Ọdún 54 ló wà láàárín ìgbà tí Wharton fẹ̀yìn tì àti ìgbà tí Balógun dé.

Bí orúkọ náà ṣe padà

Inú àpótí ló ti bẹ̀rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ nǹkan ìdílé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, obìnrin kan ní Rotherham, ń tú ẹrù ìyá rẹ̀ tó ti kú nígbà tó rí àwòrán àtijọ́ kan: ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó wọ aṣọ sárésáré, ife ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un nílé rí pé bàbá ńlá òun nìyẹn.

Ní Sheffield, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Football Unites, Racism Divides gbé ọ̀rọ̀ náà sókè. Wọ́n kó owó jọ, wọ́n sì fi òkúta sórí sàréè náà ní 1997. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, òpìtàn Phil Vasili gbé odidi ìwé kan jáde lórí ayé rẹ̀. Ní 2003, wọ́n fi orúkọ Wharton kún ti àwọn akọni bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Darlington, níbi tó ti kọ́kọ́ wọ àárín òpó, wọ́n ya àwòrán rẹ̀ gàgàrà sára ògiri.

Ní oṣù kẹwàá 2014, wọ́n ṣí ère idẹ rẹ̀ ní St George's Park, ibi tí ikọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe ìgbáradì. Ère náà ga ní nǹkan bíi mítà márùn-ún. Wharton wà nínú afẹ́fẹ́, ara rẹ̀ nà gbọọrọ, ó ń fi ọwọ́ kan ti bọ́ọ̀lù gba orí igi ìdábùú kọjá.